Ètò Ìgbà Díẹ̀ Tó Ti Ju Ọgbọ̀n Ọdún Lọ: Norway àti Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Ará Palẹstínì

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ dá lórí Norway, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Yúróòpù tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà, àti lórí ìrànlọ́wọ́ tó ti ń ṣe fún àwọn ará Palẹstínì láti ọdún 1993. Bí mo ṣe ń ṣa èrò mi jọ, gbólóhùn kan ni mo ń bá pàdé níbi gbogbo: "fún ìgbà díẹ̀." Ìgbìmọ̀ tí Norway ń darí, fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn òǹwòye tí ó ṣe kòkáárí wọn ní ìlú Hebron, orúkọ ikọ̀ wọn gan-an ń sọ pé wọn kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ìjọba àwọn ará Palẹstínì tí wọ́n ń fi owó náà gbé ró, ọdún márùn-ún péré ni ìwé àdéhùn fún un. Àjọ UNRWA pẹ̀lú, tó ń bọ́ àwọn ogúnléndé tó sì ń kọ́ ọmọ wọn níwèé, láti ọdún 1950 ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìyọ̀ǹda ọlọ́dún díẹ̀ díẹ̀ láti ọwọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe bí afárá, kí àwọn ènìyàn kan lè gba orí rẹ̀ kọjá sí ilẹ̀ tiwọn, ṣe wá di ibi tí wọ́n ń gbé.

Nílẹ̀ wa, stọ́kífíìṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Norway, ẹja líle tí wọ́n ń sá sínú atẹ́gùn tútù ní erékùṣù Lofoten kí ó tó dé ọjà wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà nígbà ogun abẹ́lé yóò rántí ohun mìíràn. Láàárín ọdún 1968 sí 1970, àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì láti Norway, Denmark, Sweden àti Finland da ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ àti oògùn láti erékùṣù São Tomé lọ sí Uli ní Biafra lóru. Ìjọba àpapọ̀ kò fara mọ́ ọn, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń gbé nǹkan gba ojú òfurufú Nàìjíríà láìgba àyẹ̀wò ń ran ọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ni. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní ebi kò mọ olóṣèlú. N kò ní í dá ẹjọ́ yẹn níbí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìbéèrè kan náà ló wà ní ìdí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Gaza: ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìfẹ́ tó wà láàárín Norway àti Ísírẹ́lì ti pẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣèjọba ní Oslo bá ẹgbẹ́ irú tirẹ̀ ní Ísírẹ́lì dọ́rẹ̀ẹ́, ìbànújẹ́ ohun tí ojú àwọn Júù rí ní Yúróòpù sì wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn. Ohun tó mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìhà kejì ni pé ọmọ tiwọn dé ibẹ̀. Láti ọdún 1956 sí 1967, àwọn ọmọ ogun Norway àti ti Denmark jọ wà nínú ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ṣọ́ ààlà Gaza. Láti 1978 sí 1998, àwọn ọmọ Norway tó lé ní 20,000 ló lọ ṣiṣẹ́ aláàbò ní gúúsù Lẹ́bánónì, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí ogúnléndé ṣe ń gbé. Bí ọmọ ilé kan bá lọ tó sì bọ̀ wá ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìlú tó ti bọ̀ kì í ṣe ìlú àjèjì nínú ilé náà mọ́. Mo gbà pé èyí ṣe ju gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú ìjọba lọ.

Ìwádìí ló wá ṣí ìlẹ̀kùn. Fafo, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Norway dá sílẹ̀, fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí gan-an fún àwọn tó ń gbé ní Gaza àti ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì tí wọ́n ń pè ní West Bank. Terje Rød-Larsen ni olórí Fafo. Mona Juul ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, níbi tí Jan Egeland ti jẹ́ igbákejì mínísítà. Nípasẹ̀ wọn, ní oṣù Kìíní ọdún 1993, nínú ilé ńlá kan ní ìlú Sarpsborg, àwọn onímọ̀ méjì láti Ísírẹ́lì, Yair Hirschfeld àti Ron Pundak, bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ahmed Qurei, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó fún PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹstínì, sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Johan Jørgen Holst, tó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè ní ọdún náà, fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ìjíròrò náà lẹ́yìn títí tí Ísírẹ́lì àti PLO fi fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Oslo ní Washington ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1993. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Holst kú ní ẹni ọdún 56.

Ìwé ti di àdéhùn, owó ló kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí Washington, wọ́n ṣèlérí owó tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣètò rẹ̀. AHLC ni wọ́n ń pe ìgbìmọ̀ náà, Norway sì ni alága. Kí ló dé tó fi jẹ́ Norway? Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ní owó jù, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn kò fẹ́ kí ẹnì kejì jókòó sórí àga. Orílẹ̀-èdè kékeré tí Ísírẹ́lì àti PLO jọ gbẹ́kẹ̀ lé, tí kò ní ilẹ̀ àmúnisìn rí ní apá ibẹ̀, ló rọrùn fún gbogbo wọn láti gbà. Láti ìgbà náà, Norway kò tíì kúrò lórí àga náà. Báńkì Àgbáyé ló ń ṣe akọ̀wé rẹ̀, tó ń kọ ìròyìn sílẹ̀ de ìpàdé kọ̀ọ̀kan, Ísírẹ́lì àti àwọn ará Palẹstínì sì ń jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń fún wọn lówó. Lẹ́yìn tí ìjíròrò àlàáfíà ti dákẹ́, ìpàdé yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìhà méjèèjì ṣì ti ń pàdé.

Iṣẹ́ tí owó náà ṣe ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò ṣe é fojú kéré, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ó pọ̀ nínú rẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ tí a kì í rí nínú àwòrán. Ẹ wò ó báyìí: ìjọba tuntun dé, kò ní àpò owó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá ń retí owó oṣù. Wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ ní Báńkì Àgbáyé tí wọ́n fi orúkọ Holst sọ, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ ìjọba. Àwọn onímọ̀ ìṣirò láti Norway ran ilé-iṣẹ́ ìṣirò àwọn ará Palẹstínì lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí ó fi ka gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1997. Ní ìlú tí a ti bí wa, a mọ ohun tí ìkànìyàn jẹ́, a mọ ìjà tó máa ń dá sílẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tí a kò kà, a kò lè pín nǹkan kàn án. Fún àwọn ènìyàn tí àwọn mìíràn ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́ bí ẹni tó ń ka ẹrù, kí àwọn fúnra wọn kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ilé sí ilé, ohun ńlá ni. Norway tún ná owó lórí iná mànàmáná, lórí omi, àti lórí ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àdéhùn ọrọ̀ ajé tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1994 tí ẹni tó bá fẹ́ lóye gbogbo ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọjà tó bá ń lọ sí Gaza tàbí West Bank, ibodè Ísírẹ́lì ló ń gbà. Nítorí náà, Ísírẹ́lì ló ń gba owó ibodè àti owó orí ọjà náà, tí yóò wá máa kó o fún ìjọba Palẹstínì lóṣooṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ rẹ̀. Owó yìí ló pọ̀ jù nínú gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba náà, ní ọ̀pọ̀ ọdún ó pọ̀ ju ìrànlọ́wọ́ Norway àti ti gbogbo ayé lọ. Ìgbà tí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, Ísírẹ́lì a dá a dúró, àwọn tó ń ṣèrànwọ́ a sì wá owó dí àlàfo náà. Ìyẹn ni pé nígbà púpọ̀, owó tí Norway ń fi ránṣẹ́ kò kọ́ ohun tuntun. Owó ẹlòmíràn tí wọ́n ti tì mọ́nú àpótí ló ń rọ́pò.

Ọdún márùn-ún tí wọ́n dá pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, kò sì sí orílẹ̀-èdè. Pápákọ̀ òfurufú Gaza tí wọ́n ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1998, tí Japan, Íjíbítì, Spain, Jámánì àti àwọn mìíràn fi owó kọ́, kò lo ọdún mẹ́ta kó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ísírẹ́lì ju bọ́ǹbù sí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2001, wọ́n sì fi katakata tú ojú ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. Ní Hebron, ìlú kan ní West Bank, lẹ́yìn tí ọmọ Ísírẹ́lì kan yìnbọn pa ènìyàn 29 tó ń kírun ní mọ́sálásí Ibrahimi ní oṣù Kejì ọdún 1994, wọ́n ní kí àwọn òǹwòye láti òkèèrè wá. Norway, pẹ̀lú Denmark, Sweden, Italy, Switzerland àti Turkey, kó àwọn ènìyàn lọ láìmú ìbọn dání, wọ́n ń rìn ní ojú pópó, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wọ́n pa méjì nínú wọn ní ọdún 2002. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ísírẹ́lì kọ̀ láti fún wọn láyè mọ́, ikọ̀ "ìgbà díẹ̀" náà sì kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlélógún láìdáwọ́dúró láti ọdún 1997.

Nígbà tí Hamas, ẹgbẹ́ Palẹstínì tó ń gbé ìbọn ja Ísírẹ́lì, borí nínú ìdìbò ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn yí ẹ̀yìn padà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, Hamas àti Fatah, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ní Palẹstínì, gbà láti jọ ṣèjọba, Norway sì ni orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn àkọ́kọ́ tó bá ìjọba àjùmọ̀ṣe náà ṣe. Ìjọba náà tú ká ní oṣù Kẹfà, Hamas gba Gaza pẹ̀lú ìbọn, Ísírẹ́lì àti Íjíbítì sì ti ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ tó máa ń dùn mí láti sọ. Ogun a jà, ilé a wó, àpérò a wáyé. Lẹ́yìn ogun 2008 sí 2009, Norway àti Íjíbítì jọ pe àpérò sí Sharm el-Sheikh, wọ́n ṣèlérí bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ dọ́là. Lẹ́yìn ogun 2014, àwọn méjèèjì tún pe òmíràn sí Cairo, ìlérí náà sì ju bílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ìlérí kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Èyí tó tilẹ̀ di sìmẹ́ǹtì nínú rẹ̀ ní láti gba ẹnu ibodè kọjá, àpò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù Ísírẹ́lì pé Hamas yóò fi gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀, ìbẹ̀rù tí kò ṣàì ní ìdí.

Ìrànlọ́wọ́ Norway kò mọ sí ti ìjọba. Ìlú Tromsø ní àríwá pátápátá, níbi tí oòrùn kì í ti í yọ fún bíi oṣù méjì ní ìgbà òtútù, jẹ́ ìlú ìbejì pẹ̀lú Gaza láti ọdún 2001. Ibẹ̀ ni dókítà Mads Gilbert ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti oníṣẹ́ abẹ Erik Fosse wọ Gaza nígbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2008 nípasẹ̀ NORWAC, àjọ ìrànlọ́wọ́ kan láti Norway, wọ́n sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn dókítà ilé ìwòsàn Shifa nígbà tí a kò jẹ́ kí àwọn oníròyìn òkèèrè wọlé. Àjọ Norway fún àwọn ogúnléndé, tí Jan Egeland kan náà wá di olórí rẹ̀ ní ọdún 2013, ń gba agbẹjọ́rò fún àwọn ìdílé West Bank tí wọ́n fẹ́ wó ilé wọn. Iye ìdílé tó ń kojú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ West Bank ni àdéhùn ọdún 1995 fi sábẹ́ àkóso Ísírẹ́lì pátápátá, tí àṣẹ ìkọ́lé sì ṣọ̀wọ́n fún ará Palẹstínì níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìrànlọ́wọ́ yìí láti ìhà méjì, kò sì yẹ kí n fò wọ́n. Àwọn kan ní Ísírẹ́lì àti ní ilé aṣòfin Oslo fúnra rẹ̀ ń sọ pé owó Norway ń tẹ ìwé tó ń kọ́ ọmọdé ní ìkórìíra. Ní ọdún 2020, ìjọba Norway tìtorí ìwé kíkà ilé-ìwé dá apá kan owó ẹ̀kọ́ dúró. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá sanwó ìwé ní ẹ̀tọ́ láti ka ìwé. Àtakò kejì wúwo jù lọ́kàn mi. Àwọn onímọ̀ Palẹstínì púpọ̀ ń sọ pé lábẹ́ Àdéhùn Geneva Kẹrin, ẹni tó bá gba ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà rí oúnjẹ àti oògùn. Bí Norway àti àwọn mìíràn bá ti ń gbé ẹrù yẹn fún un, kí ló máa mú kó fẹ́ kúrò? N kò rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Ẹni tó bá dá oúnjẹ dúró kí ẹlòmíràn lè ṣe ojúṣe rẹ̀, ọmọ tí ebi ń pa ló ń fi dá ọgbọ́n. Ẹni tí kò bá sì dá a dúró, ó ń san owó ilé fún ẹni tó ti ènìyàn mọ́lé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ní Brussels, níwájú ìgbìmọ̀ tí Norway ń darí, Báńkì Àgbáyé, àjọ IMF àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Palẹstínì ti tó láti fi gbé orílẹ̀-èdè ró. Jonas Gahr Støre, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Norway nígbà náà, ló jókòó sórí àga. Iṣẹ́ tí owó lè ṣe ti parí lọ́jọ́ náà. Ohun tó kù kì í ṣe ohun tí owó lè rà, ọdún mẹ́tàlá sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ṣe nǹkan nípa rẹ̀ ní Oslo.

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023 dé. Hamas àti àwọn mìíràn pa ènìyàn bíi 1,200 ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì kó bíi 250 lọ. Ogun tí Ísírẹ́lì gbé ka Gaza lẹ́yìn náà ti pa ju 70,000 lọ kí ọdún 2025 tó parí, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ìlera Gaza ṣe kà á. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ísírẹ́lì fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ UNRWA méjìlá pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ìpakúpa náà. Àjọ náà ní òṣìṣẹ́ 13,000 ní Gaza nìkan, àwọn ọmọ tó ń kọ́ níwèé níbẹ̀ ṣáájú ogun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 300,000. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Amẹ́ríkà, Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ mìíràn dá owó dúró. Norway kò dá a dúró. Ireland, Spain, Belgium àti Luxembourg náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Espen Barth Eide, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ní kí wọ́n wádìí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tó bá jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ebi jẹ mílíọ̀nù ènìyàn níyà. Ní oṣù Kejì, Norway san mílíọ̀nù 275 krónà, owó ilẹ̀ rẹ̀, fún àjọ náà. Nígbà tí ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé parí ní oṣù Kẹjọ, wọ́n lé òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti dá owó dúró ti padà wá san án.

Ní àkókò kan náà, Ísírẹ́lì kọ̀ láti fi ìpín Gaza ránṣẹ́ nínú owó ibodè. Norway gbà kí wọ́n máa kó o sọ́wọ́ òun, kí òun bá wọn tọ́jú rẹ̀, kí ìyókù lè dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ West Bank. Fún ìgbà díẹ̀ ni èyí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, Norway, Ireland àti Spain gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Støre tó jókòó sórí àga ní Brussels ti di olórí ìjọba. Nàìjíríà ti ṣe èyí láti ọdún 1988, nítorí náà kì í ṣe ohun àrà fún wa. Ṣùgbọ́n fún Norway, tó ti ń sọ fún ọgbọ̀n ọdún pé ìdánimọ̀ yóò wá ní òpin ìjíròrò, ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ìjíròrò náà kò sí mọ́. Ísírẹ́lì dáhùn ní oṣù Kẹjọ: ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣojú Norway mẹ́jọ tó ń bá ìjọba Palẹstínì ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì tí Norway ti ní ní Al-Ram lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù láti àárín àwọn ọdún 1990 sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilé aṣòfin Ísírẹ́lì ṣòfin ní oṣù Kẹwàá láti dá iṣẹ́ UNRWA dúró, Norway kò kọ sọ́wẹ́dowó nìkan; ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, orílẹ̀-èdè 137 dìbò pẹ̀lú rẹ̀, 12 lòdì sí i, pé kí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ ojúṣe ẹni tó gba ilẹ̀ nípa ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ náà dáhùn ní The Hague pé Ísírẹ́lì gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn ará Gaza ní ohun tí wọn yóò fi wà láàyè, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí UNRWA gbé e wọlé. Ìmọ̀ràn ni, kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Síbẹ̀, ó jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn onímọ̀ Palẹstínì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, orílẹ̀-èdè tó sì lọ béèrè rẹ̀ ni èyí tó ti ń san owó náà látọjọ́ yìí.

Ní West Bank lónìí, owó ibodè ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Ísírẹ́lì ti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Apá kan owó oṣù ni àwọn olùkọ́ ń gbà, ilé-ìwé ìjọba kì í sì í ṣí ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, orílẹ̀-èdè méjìlá kéde ẹgbẹ́ tuntun kan tí yóò máa wá owó fún ìjọba Palẹstínì kó má baà wó. Norway wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ pàjáwìrì ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.